Orí Tí Bíṣọ́ọ̀bù Yóò Gbọ́wọ́ Lé

Sọ́ńdè, 12 oṣù kẹwàá, 1997

Wọ́n pe orúkọ mi ní ìjọ lónìí. Fíkà parí ìwàásù, ó ní kí gbogbo ènìyàn dìde, ó ní láti Sọ́ńdè kẹrìnlá oṣù kejìlá lọ, Afọlábí Onípákó ni Bàbá Ìjọ. Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ń bọ̀ láti Adó. Màá kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, orí mi yóò wà ní gbangba, yóò gbé ọwọ́ lé e lójú gbogbo Ìkéré.

Mo wo Tíṣà Ìbíkúnlé. Ó ń pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ náà pọ̀ jù fún ẹni tó fẹ́ oyè yẹn fún ara rẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣe ọ̀gá ilé ìwé. Èmi, Sítáńdáàdì Tuu ni wọ́n ti mú mi kúrò, wọ́n gbé ọkọ́ lé mi lọ́wọ́. Ayùn ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo rù wọ Ìkéré láti Àgbàdo, ẹsẹ̀ ni mo sì fi rìn ín. Kí ẹni tó bá rò pé ìwé nìkan ní í gbé ènìyàn ga gbójú sókè nínú ìjọ kó wo òrùlé. Ta ló fi pákó rẹ̀ tọrẹ? Ọ̀gànwó ni láti ìkángun dé ìkángun. Ikán ò tíì fẹnu kàn án.

Láti ìgbà tí wọ́n ti fún wa ní Èkìtì tiwa, tí gbogbo ọ́fíìsì ń kọ́lé ní Adó, pákó mi kì í sùn ní sọ́míìlì. Mo mọ̀ pé èyí náà ń dun àwọn kan.

Sátidé, 18 oṣù kẹwàá

Jẹ́jẹ́ wá fá orí mi. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń fá a, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Lónìí, abẹ rẹ̀ gé mi níbi ìpàkọ́.

Mo ní, "Jẹ́jẹ́, abẹ wo lo fi ń fá mi yìí?"

"Tuntun ni, Bàbá."

"Mi ò rí ọ kí o bọ́ bébà lára rẹ̀."

"Ilé ni mo ti bọ́ ọ."

Ta ní í ti ilé bọ́ bébà abẹ? Ọ̀dọ̀ Tíṣà ló sì kọ́kọ́ yà sí kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀.

Wẹ́sìdeè, 22 oṣù kẹwàá

Orí ń yún mi bí ẹni pé ìjàlọ ń rìn níbẹ̀. Mo ní kí Monísọ́lá ìyàwó mi wò ó. Ó ka irorẹ́ márùn-ún. Nígbà tí mo jẹun tán ó tún kà, ó ní ó ti di méje. Mo ní kó má kà á mọ́.

Sọ́ńdè, 26 oṣù kẹwàá

Ọyún ti wọ̀ ọ́. Ó ń bẹ́, ó ń gbẹ, ó ń di èèpá rúsúrúsú bí oje tó dì sára igi. Mo fi àdín àti iyọ̀ pa á. Ó ta mí dé eyín.

Mo dé fìlà ẹtù mi lé e. Ọdún tí mo ra ẹ̀rọ ìlapákó mi àkọ́kọ́ ni mo dá fìlà yẹn, abetí ajá, ojúlówó ẹtù. Omi ò kàn án rí. Ta ní í fọ ẹtù? Ẹni tó bá rí i lókèèrè ti mọ̀ pé èmi ni mò ń bọ̀, yóò sì ti máa tún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tò.

Mi ò lọ sí ìjọ. Ọkùnrin kì í dé fìlà nínú ilé Ọlọ́run, èmi kò sì ní bọ́ ọ kí wọ́n rí èyí. Wọn á ní ẹ̀tẹ̀ ni. Wọn á ní mo jẹ ohun tí kò yẹ kí n jẹ kí owó pákó tó wọlé. Mo mọ ẹnu Ìkéré.

Òjò rọ̀ títí di ọ̀sán. Ó jọ pé òun ló gbẹ̀yìn.

Sọ́ńdè, 2 oṣù kọkànlá

Tíṣà Ìbíkúnlé wá kí mi lẹ́yìn ìsìn, tòun ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ kú ulé o. Sọ́ńdè méjì rèé tí a ò fojú kàn yín."

Mo ní, "Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, Tíṣà."

Ó wo ẹsẹ̀ mi. Mo ti gbé e lé orí àpótí láìronú, mo sì ń mì í. Mo dá a dúró.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ooru yìí mà ga. Ẹ ò bọ́ fìlà kí atẹ́gùn fẹ́ yín?"

"Inú ulé mi ni mo wà. Ẹni tó ni ulé ló ni fìlà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Ọlọ́run fún ẹsẹ̀ náà lágbára, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nínú gbogbo ohun tó wà lára mi, kí ló mú un béèrè fìlà? Mo ní kí Monísọ́lá má fọwọ́ kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn. Ó sè é. Ó jẹ ẹ́. Títí mo fi ń kọ èyí, kò tíì ṣe é ní nǹkan kan.

Mọ́ńdè, 3 oṣù kọkànlá

Monísọ́lá ti tú àṣírí mi. Modúpẹ́, ìyàwó Dámiláre ọmọ mi, gba ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ wá tààrà pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò dìde.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ fìlà kí n wò ó."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Bàbá, òórùn rẹ̀ ló sọ fún mi."

Kò sí ẹni tó tíì sọ irú rẹ̀ sí mi láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Mo bọ́ ọ.

Ó wò ó títí, ó fi ọwọ́ tẹ ọrùn mi wò. Ó ní kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, kì í ṣe làpálàpá. Kòkòrò tí ojú ò rí ló gba ojú abẹ wọlé. Ó yọ ìpara kan jáde nínú báàgì, ìpara inú tíúbù, kékeré bí ìka ọwọ́ mi, òun àti páálí rẹ̀. Ó ní kí n fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ orí kí èèpá rọ̀ kó ṣí, kí n nù ún gbẹ, kí n fọwọ́ mi, kí n wá fi ìpara náà kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, àárọ̀ àti alẹ́, ọjọ́ méje gbáko. Tó bá gbẹ lọ́jọ́ kẹta, kí n má dáwọ́ dúró. Tí kò bá sì lọ, kí n wá kí dókítà wò ó. Ó ní kí ẹlòmíràn má bá mi lò ó.

"Ọ̀rọ̀ fìlà náà tún wà, Bàbá. Fìlà yẹn..."

Mo ní ó tó. Mo ní òògùn ni mo gbà, n kò gba ẹjọ́ fìlà.

Tíṣà béèrè fìlà lánàá, òun náà béèrè fìlà lónìí. Bẹ́ẹ̀, àbúrò Tíṣà ló bí Modúpẹ́. Mo gbójú fo èyí nígbà ìgbéyàwó nítorí Dámiláre sunkún. Mi ò gbójú fò ó mọ́. Ìpara náà funfun bí ògì. Funfun ni èyí tí àwọn tó ń bóra náà ń lò. Ṣé wọ́n fẹ́ kí Bíṣọ́ọ̀bù ṣí orí mi kó bá a ní àmì bí ewúrẹ́ alámì ni?

Túsìdeè, 4 oṣù kọkànlá

Òbúkọ mi ní egbò létí níbi tí wáyà ọgbà ti ya á. Mo fi ìpara náà sí i.

Fúráìdeè, 7 oṣù kọkànlá

Òbúkọ ò kú. Etí rẹ̀ ń gbẹ, kò sì bó.

Monísọ́lá ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń wò ó. Ó ní, "Bàbá Dámiláre, ẹran lẹ fi ṣáájú ara yín. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti mú orúkọ rẹ̀ lọ fún Fíkà kó fi í jẹ Bàbá Ìjọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ ìpara náà lálẹ́. Lẹ́yìn náà mo gun àpótí, mo gbé e sórí àjà lókè iná ìdáná, láàárín àgbàdo irúgbìn àti èèpo igi mi. Ibẹ̀ ni bàbá mi ń tọ́jú gbogbo egbòogi rẹ̀ sí. Kòkòrò kì í dé ibẹ̀, ọwọ́ aláìmọ̀ kì í dé ibẹ̀.

Wẹ́sìdeè, 12 oṣù kọkànlá

Ó gbẹ díẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Epo bẹntiróòlù tún ti di wíwá. Ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́ lónìí, awakọ̀ mi sùn sórí ìlà ní Adó.

Sátidé, 15 oṣù kọkànlá

Orí tún ti ń ṣọyún. Mo tẹ tíúbù náà, omi ló kọ́kọ́ jáde. Òróró tẹ̀ lé e. Èyí tó gbẹ̀yìn dà bí ẹ̀kọ tó kan. Mo gbóòórùn rẹ̀, òórùn èéfín ló ń rùn.

Ayédèrú. Mo ti mọ̀ ọ́n.

Mọ́ńdè, 17 oṣù kọkànlá

Mo wọ agbádá, mo dé fìlà mi, mo gbé tíúbù náà lọ sí ibi iṣẹ́ Modúpẹ́. Mo bá ọ̀gá wọn, Mátírọ́nì. Mo ní, "Ìyá, ṣé ayédèrú òògùn lẹ ń fún àgbàlagbà níbí?" Mo tẹ òróró náà sórí bébà níwájú rẹ̀.

Ó wò ó. Ó ní, "Ta ló fún yín?"

Mo dárúkọ. Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní, ẹni tó lè lu igi kó fi etí mọ̀ pé inú rẹ̀ ti rà, òun ni ẹ ń bi bóyá nǹkan dá a lójú.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Modúpẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Kò sọ̀rọ̀. Ẹni tó mọ́ á sọ̀rọ̀.

Tọ́sìdeè, 20 oṣù kọkànlá

Dámiláre wá láti Adó nínú aṣọ ọ́fíìsì. Ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde títí mo fi ní kó dìde.

"Bàbá, kí lẹ sọ fún àwọn ọ̀gá Modúpẹ́?"

"Òótọ́."

"Wọ́n ti fún un ní kúẹ̀rì. Wọ́n ní ó ń tajà òògùn ayédèrú lábẹ́lẹ̀. Tí kò bá rí ẹ̀rí fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kejìlá tó parí, wọn á gbé e lọ sí Òde-Èkìtì, orúkọ rẹ̀ á sì bàjẹ́ lọ síbẹ̀. Bàbá, owó oṣù rẹ̀ ló fi ra ìpara yẹn fún yín ní kẹ́míìsì."

Ó tún ní, "Níbo lẹ gbé e sí tó fi di òróró?"

Kí n tó lanu, Monísọ́lá ti dáhùn láti ìdí ààrò. "Orí àjà ni."

Dámiláre dojú bolẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kó tán síbẹ̀. Ó ní, "Àbẹ́là tí mo gbé síbẹ̀ lọ́dún èṣí ńkọ́? Òwú rẹ̀ nìkan ni mo bá."

Mo ní, "Òògùn tí kò lè fara da iná ọbẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ fara da àrùn?"

Mo rò pé mo borí. Ṣùgbọ́n Dámiláre lọ láìjẹ iyán ìyá rẹ̀, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Sátidé, 22 oṣù kọkànlá

Mo lọ sí Adó, sí kẹ́míìsì tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí. Mo fi páálí ti àkọ́kọ́ hàn wọ́n, wọ́n fún mi ní irú rẹ̀ gan-an, àádọ́fà náírà. Mo tún lọ sí kẹ́míìsì kejì, mo fi han ẹni tó wà níbẹ̀, ó ní ojúlówó ni.

Mo délé nígbà tí Monísọ́lá wà lọ́jà. Mo tẹ díẹ̀ sórí ewé kókò kan, mo gbé e sórí àjà. Mo tẹ díẹ̀ sórí ewé mìíràn, mo gbé e sẹ́bàá àmù. Mo koná sábẹ́ ìkòkò, mo jókòó, mo ń wo méjèèjì bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Kí omi tó hó lẹ́ẹ̀kejì, ti orí àjà ti yọ́, ó ń kán sílẹ̀. Ti ẹ̀bá àmù dúró gẹ́gẹ́ bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́.

Mo ju ewé méjèèjì sínú iná kí Monísọ́lá tó wọlé.

Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti sọ èyí. Modúpẹ́ yóò wá ọ̀nà dá wọn lóhùn. Ó kàwé.

Wẹ́sìdeè, 26 oṣù kọkànlá

Láti Sọ́ńdè ni mo ti ń lo tíúbù tuntun, ẹ̀bá àmù ló ń sùn. Ọṣẹ, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo fọwọ́, mo fi kàn án fẹ́ẹ́rẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé òótọ́ ni, kì í ṣe nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

Fúráìdeè, 28 oṣù kọkànlá

Àtàrí ti jinná. Ṣùgbọ́n tuntun ń yọ yíká orí. Ó jọ pé ọwọ́ kan ń kan tíúbù yìí. Mo fi òwú dúdú dì í lọ́rùn lálẹ́, mo ta kókó tí èmi nìkan mọ̀.

Sátidé, 29 oṣù kọkànlá

Kókó mi wà bí mo ṣe ta á. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan án. Èyí gan-an ló wá dẹ́rù bà mí.

Ní sọ́míìlì, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń jiyàn lórí pákó afàrà kan. Wọ́n ní igi náà ò dára, pé ìlà wà lára gbogbo pákó tí wọ́n là. Mo ní kí wọ́n tò wọ́n ti ara wọn. Ojú kan náà ni ìlà wà lára gbogbo wọn. Mo ní, "Ẹ má bá ugi jà. Ẹ lọ wo ayùn." Wọ́n dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n wò ó: eyín kan ti kán.

Mo yan wọ inú ọ́fíìsì lọ bí ọ̀gá. Mo jókòó. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu ara mi bá mi níbẹ̀.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo bọ́ fìlà. Mo mú dígí tí mo fi ń gé irùngbọ̀n, mo mú dígí ọkọ̀ tó já bọ́ lára lọ́rì, mo fi ọ̀kan síwájú, mo gbé èkejì sẹ́yìn. Egbò náà tò yí orí mi ká, láti etí dé ìpàkọ́ dé etí kejì, gbọọrọ bí ìlà tí a fi rúlà fà. Òkè rẹ̀ mọ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ibi tí etí fìlà ń jókòó sí nìkan ni.

Mo mú fìlà ẹtù mi, mo yí inú rẹ̀ síta. Mi ò wo inú rẹ̀ rí. Ó ti le gbagidi. Ọyún oṣù kan àti àdín àti ìpara ti dì síbẹ̀, rúsúrúsú, ó ń rùn. Láràárọ̀ ni mo ń fọ orí, láràárọ̀ ni mo ń dá ẹ̀gbin rẹ̀ padà fún un.

"Ọ̀rọ̀ fìlà náà tún wà, Bàbá." Mo ní ó tó.

Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn, pé ṣé mo ti sùn ni.

Sọ́ńdè, 30 oṣù kọkànlá

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù fún orí mi. Fún Modúpẹ́, ọjọ́ márùn-ún. Mi ò lọ sí ìjọ. Mi ò jẹun dáadáa. Monísọ́lá bi mí pé kí ló dé, mo ní ọyẹ́ ni.

Mọ́ńdè, 1 oṣù kejìlá

Mo jáde láìdé fìlà. Láti ọdún tí mo ti di ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá, Ìkéré ò rí àtàrí mi lójú títì rí. Ọyẹ́ ń gé mi lórí bí abẹ Jẹ́jẹ́. Ìyá tó ń ta gúgúrú ní oríta ní, "Bàbá Onípákó, ṣé wọ́n jí fìlà yín ni?"

Mo ní, "Èmi ni mo jí i."

Ó rẹ́rìn-ín títí mo fi kọjá.

Ilé ìwòsàn kún fún àwọn ìyá ọmọ. Mo sọ fún Mátírọ́nì pé mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Ó ní ìta ni òun ti ń ṣiṣẹ́ lónìí, kí n máa sọ. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní ìpara yẹn kì í ṣe ayédèrú.

"Ẹ ti wá mọ̀ báwo?"

Mo sọ ti àjà fún un. Mo sọ ti fìlà.

Ó mí kanlẹ̀. "Bàbá, ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́sí ti wọ fáìlì. Ẹnu ò lè yọ ọ́ níbẹ̀ mọ́. Àfi kí ẹ kọ ọ́ kí ẹ fọwọ́ sí i. Ṣé kí n bá yín pe ẹni tó máa kọ ọ́?"

Mo ní, "Mo lè kọ ọ́."

Ó fún mi ní bébà. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì láàárín àwọn ìyá ọmọ. Ọmọ kan ń fa agbádá mi. Ó pẹ́ kí n tó parí rẹ̀. Ohun tí mo kọ rèé: Èmi Afọlábí Onípákó gbé òògùn sórí iná, ó sì bàjẹ́. Mo dé fìlà ìdọ̀tí lé egbò. Nọ́ọ̀sì Modúpẹ́ kò jẹ̀bi, ó kìlọ̀ fún mi, n kò gbọ́.

Mo rò pé yóò pa á mọ́. Ó kà á sókè láti mọ̀ bóyá òun rí ọwọ́ mi kà. Ó kà á já geere. Gbogbo bẹ́ńṣì dákẹ́ síbi ìdọ̀tí.

Modúpẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n, ó ń wọn ọmọ. Kò gbójú sókè. Mo ti fẹ́ jáde kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ dúró."

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó mú mi bọ́ sínú oòrùn, ó tẹ orí mi ba, ó wò ó. Ó ní kí n tún lo tíúbù náà fún ọjọ́ méje mìíràn, kí n jẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ ẹ. Tí mo bá dé sọ́míìlì, kí n fi aṣọ mímọ́ borí nítorí lẹ́búlẹ́bú igi, kí wọ́n máa fọ aṣọ náà lójoojúmọ́.

Mo ní, "Modúpẹ́."

Ó ní, "Bàbá."

Èyí tó kù ò jáde. Mo lọ sílé.

Fúráìdeè, 5 oṣù kejìlá

Dámiláre ránṣẹ́ pé wọ́n ti fa kúẹ̀rì náà ya. Ìyàwó rẹ̀ ò lọ sí Òde-Èkìtì mọ́. Monísọ́lá gún iyán, ó jó dé ìdí odó.

Egbò tuntun kankan ò yọ mọ́. Ọjọ́ kẹrin rèé.

Sọ́ńdè, 7 oṣù kejìlá

Mo lọ sí ìjọ. Àpá ṣì wà yíká orí bí adé tí wọ́n yọ kúrò. Tíṣà Ìbíkúnlé sún fún mi lórí àga.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí, ó ní, "Bàbá, orí yín ti ń dára. Mo ti ń gbàdúrà sí i láti ọjọ́ tí mo mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá. Ìyá Dámiláre ló fọ̀rọ̀ náà lọ̀ mí."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi mọ̀. Kò sọ fún ẹnì kan. Mo ṣì ń wá ìdí rẹ̀.

Wẹ́sìdeè, 10 oṣù kejìlá

Monísọ́lá ti fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ fìlà ẹtù mi. Aró rẹ̀ jáde tán, ó súnkì. Mo gbé e lé orí, ó jókòó bí ìdérí ìgò. Monísọ́lá ní yóò ba òbúkọ mu wẹ́kú. A jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo mú un wọ yàrá, mo fi í sínú àpótí mi.

Fúráìdeè, 12 oṣù kejìlá

Jẹ́jẹ́ wá fá mi nítorí ọjọ́ Sọ́ńdè. Ó gbé bébà abẹ náà sókè níwájú mi kó tó bọ́ ọ, bí ẹni ń pa idán. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Sọ́ńdè, 14 oṣù kejìlá

Ìjọ kún dé ìta. Mo kúnlẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí mi, mo sì mọ̀ nígbà tí ìka rẹ̀ kan ojú àpá. Kò gbé e kúrò. Ó gbàdúrà tó gùn. Mo gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, mo rí ọ̀gànwó mi lókè.

Ẹnu ọ̀nà ìjọ ni wọ́n ti ń dé fìlà fún Bàbá Ìjọ tuntun tó bá ń jáde. Àgbà ìjọ ní í dé e. Tíṣà Ìbíkúnlé ni wọ́n yàn. Ó dúró pẹ̀lú fìlà ẹtù tuntun tí Monísọ́lá dá, ó nà án síwájú, gbogbo ènìyàn ń wò.

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ariwo rọlẹ̀. Mo rí i lójú wọn: wọ́n ní Afọlábí fẹ́ dójú ti Tíṣà.

Mo wò títí mo fi rí Modúpẹ́ lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ akọrin. Mo ní, "Modúpẹ́, wá wo inú rẹ̀ fún mi."

Kò kọ́kọ́ mira. Dámiláre tì í léjìká. Ó wá, ó fẹ́ kúnlẹ̀, mo ní kó dúró. Ó yí inú fìlà náà síta, ó fi ìka tọ etí rẹ̀ yíká, ó gbé e sínú oòrùn.

Ó ní, "Ó mọ́, Bàbá."

"Ó yá, dé e fún mi."

"Bàbá, èmi kọ́. Ìyàwó kì í dé fìlà fún bàbá ọkọ."

Tíṣà ló dá a lóhùn. Ó ní, "Ọmọ mi, dé e fún un. Orí tí o wò sàn ni."

Ọwọ́ rẹ̀ ò tó mi. Ọkùnrin gíga ni mí, gbogbo Àgbàdo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tẹ orí ba, ó dé e, ó sì fi ọwọ́ tọ́ etí rẹ̀ sí apá ọ̀tún bí mo ṣe máa ń ṣe é fúnra mi.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tẹ orí ba lónìí. Èkejì kò sí nínú ìwé ètò ìsìn.